Ilé Etí Odò Potomac àti Àwọn Tó Fọwọ́ Ara Wọn Kọ́ Ọ

Ojú méjì ni ilé Mount Vernon ní. Ọ̀kan kọjú sí pápá oníkoríko àti ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń gbà wọlé. Èkejì kọjú sí odò Potomac, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gíga olópòó mẹ́jọ wà. Ìpínlẹ̀ Virginia ni ilé náà wà, nǹkan bí máìlì 15 sí olú-ìlú Amẹ́ríkà, George Washington tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ ilẹ̀ náà ló sì ni ín. Ìtàn tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ nílé ìwé ni ti ọ̀gágun tó jagun, tó ṣẹ́gun, tó sì padà sídìí oko rẹ̀. Òótọ́ ni ìtàn yẹn. Ṣùgbọ́n odò tó ń ṣàn níwájú ilé náà gbé ìtàn mìíràn lọ síbi tó jìnnà, apá kan nínú rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ lọ.

Láyé ìgbà náà, odò ni ọ̀nà. Ọkọ̀ láti London máa ń wọ Potomac wá já aṣọ, àga, wáìnì àti ìwé sílẹ̀, a sì kó tábà padà. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí odò kò nílò ọjà tàbí ìlú. Ọjà ló ń wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Kí òyìnbó tó tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn Doeg àti Piscataway ló ń pẹja nínú odò náà tí wọ́n ń gbin àgbàdo sí bèbè rẹ̀. Ní 1674, nǹkan bí 5,000 éékà nínú ilẹ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ John Washington, ẹni tó bí bàbá bàbá George, àti ẹnìkejì rẹ̀, Nicholas Spencer. Nígbà tó yá ó kan Lawrence, ọbàkan George tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lawrence ló sọ oko náà ní Mount Vernon, ní ìrántí Edward Vernon, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó bá lọ sógun Cartagena ní 1741.

Lawrence kú ní 1752. George háyà oko náà lọ́wọ́ opó rẹ̀ ní 1754, nígbà tí obìnrin náà sì kú ní 1761, oko di ti George pátápátá. Láti ìgbà yẹn títí tó fi kú, ṣe ló ń ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ohun tó jẹ́ bíi 2,000 éékà di bíi 8,000, ó sì pín in sí oko márùn-ún.

Ilẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń jogún nígbà náà. Ọmọ ọdún 11 ni George nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1743, ènìyàn mẹ́wàá sì wà nínú ogún tó kàn án. Ní 1759 ó fẹ́ Martha Custis, opó olówó kan tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú láìkọ ìwé ìhágún. Òfin fún Martha ní ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá ọkọ náà láti máa jẹ nígbà ayé rẹ̀, ẹrú 84 sì wà nínú rẹ̀. Kí òǹkàwé fi ìpín opó yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣì máa da ọ̀pọ̀ ilé rú.

Tábà ni oko náà kọ́kọ́ gbára lé. Washington a di í sínú àgbá, a fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan ní London. Oníṣòwò yìí ló ń tà á, òun ló ń dá iye lé e, òun kan náà ló sì ń ra aṣọ àti àwo tí Washington bá ránṣẹ́ pè. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó ṣe ń bá àgbẹ̀ kòkó wa ṣe nígbà kan yóò mọ ibi tí irú òwò bẹ́ẹ̀ ń parí sí: gbèsè ni. Tábà tún máa ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di 1766, Washington ti fi tábà sílẹ̀ fún àlìkámà. Ó kọ́ ilé ọlọ létí omi, ó ń ta ìyẹ̀fun, ó sì ya àwòrán abà olójú 16 kan fúnra rẹ̀. Ẹṣin ló ń tẹ àlìkámà nínú abà náà. Àlàfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín pákó ilẹ̀ rẹ̀, tí ẹṣin bá ti ń yí po lórí pòròpórò, hóró a já sísàlẹ̀, ìdọ̀tí ìta kò ní kàn án. Mo gbà pé ọgbọ́n gidi ni. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó sọ àwòrán náà di ilé, ẹrú ni wọ́n.

Odò fúnra rẹ̀ jẹ́ oko kẹfà. Nígbà ìrúwé, àwọn ẹja kan máa ń ti inú òkun gun Potomac wá láti yé ẹyin. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó bá ṣeé yọ lóko a bọ́ sómi tòun ti àwọ̀n, ẹja tí wọ́n ń kó lọ́dún kan sì lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọ́n á là á, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á tò ó sínú àgbá. Òmíràn di títà títí dé àwọn erékùṣù Karíbíánì, òmíràn di oúnjẹ àwọn tó pa á. Ní 1797, James Anderson, ará Scotland tó jẹ́ alábòójútó oko, rọ Washington láti máa pọn ọtí wisikí. Ní 1799, ọtí tó jáde níbẹ̀ tó nǹkan bíi 11,000 gálọ́ọ̀nù, ó wà lára ilé ìpọntí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Hanson, Peter, Nat, Daniel, James àti Timothy ni orúkọ àwọn ẹrú mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná rẹ̀. Mo to orúkọ wọn síbí nítorí pé orúkọ ẹni tó ni ọtí ti wà níbi gbogbo.

Ilé tí àlejò ń wò tí ó ń yà á lẹ́nu náà, pákó ni, kì í ṣe òkúta. Wọ́n gé pákó náà bí ẹni gé òkúta, wọ́n kùn ún, wọ́n sì da yanrìn sí ọ̀dà nígbà tó ṣì tutù kó lè rí págunpàgun bí òkúta. Lọ́dún 1774 ni Washington bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì, ogun òmìnira sì bá iṣẹ́ náà lẹ́nu. Ọdún mẹ́jọ ló fi wà lójú ogun. Láti inú àgọ́ ló ti ń kọ lẹ́tà sí Lund, ìbátan rẹ̀ tó fi sílé, nípa pákó, ìṣó àti igi tí wọ́n máa gbìn. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí fi hàn pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ilé yìí dénú. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi ìyẹn dù ú.

Ní 1799, nígbà tí Washington ka gbogbo wọn sínú ìwé, ẹrú 317 ló wà lóko náà. Tirẹ̀ jẹ́ 123. Àwọn 153 jẹ́ ti ìdílé Custis, èyí tó wà lábẹ́ ìpín opó Martha. Ìyókù, ó yá wọn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Láti ìlà oòrùn títí dé ìwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹja oníyọ̀ ni oúnjẹ wọn. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni ti ìgbéyàwó: nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ti ṣe ìyàwó tàbí lọ́kọ ni kò bá ẹnìkejì wọn gbé. Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni wọ́n ń fi oníkálukú sí. Ọkọ tó wà nílé ńlá a dúró dọjọ́ Àìkú kó tó fẹsẹ̀ rìn lọ rí aya àti ọmọ ní oko kejì. Nínú ìwé ìnáwó ọdún 1784, a tún rí i pé wọ́n san pọ́n-ùn mẹ́fà àti ṣílè méjì fún àwọn aláwọ̀ dúdú kan fún eyín mẹ́sàn-án, nítorí oníṣègùn eyín ará Faransé. Eyín Washington kò dára, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀ kò pọ̀.

Lára àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilé náà ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sambo Anderson. Afíríkà ni wọ́n bí i sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ilà wà lójú rẹ̀, ó fi yẹtí wúrà sétí, ó sì máa ń sọ pé ọmọ ọba lòun. Ó ń sin oyin, ó ń dọdẹ, Washington fúnra rẹ̀ sì ń fowó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tán, ó fi owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ra òmìnira àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó wọ Virginia wá láti etíkun ilẹ̀ Igbo, Senegambia àti Angola. Ìgbà tí wọ́n ń kó Yorùbá lọ ní rẹpẹtẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà, Brazil àti Cuba sì ni ọ̀pọ̀ wọn lọ. Nítorí náà n kò ní pe Anderson ní ọmọ wa. Àmọ́ ẹni tó bá ti ìdílé onílà wá mọ̀ pé bí wọ́n tilẹ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn, ilà kò ṣeé gbà.

Nígbà tí Washington di ààrẹ tó ń gbé ní Philadelphia, òfin ibẹ̀ ni pé ẹrú àlejò tó bá lo oṣù mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ náà lè béèrè òmìnira. Ó wá ń kó wọn jáde, ó ń kó wọn padà, kí oṣù mẹ́fà má baà pé. Ona Judge, aránṣọ Martha, sá lọ ní 1796. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ọmọ ọmọ Martha, ló bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire nígbà tí ìdílé náà ń jẹun alẹ́. Washington ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Hercules tó jẹ́ alásè, tí gbogbo Philadelphia ń yìn fún oúnjẹ, sá ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1797, ọjọ́ ìbí Washington gan-an. Nígbà tí àlejò ará Faransé kan béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré bóyá inú rẹ̀ kò bàjẹ́ pé kò ní rí bàbá rẹ̀ mọ́, ọmọ náà ní inú òun dùn púpọ̀, nítorí bàbá òun ti dòmìnira.

Ní oṣù keje 1799, Washington kọ ìwé ìhágún. Ó ní kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Martha, kí William Lee tó bá òun rin gbogbo ogun já gba òmìnira lójú ẹsẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ẹ wo ipò tí èyí fi opó sí: ènìyàn 123 ń dúró de ọjọ́ tí yóò kú. Abigail Adams lọ kí i, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀ láàárín wọn. Martha kò dúró. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1801 ló dá wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìdílé Custis kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ láti dá sílẹ̀, nígbà tó sì kú ní 1802 wọ́n pín wọn fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Ní ogójì ọdún tí àwọn ènìyàn yìí fi jọ wà, wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ọkọ di òmìnira, aya rẹ̀ sì di ti ilé mìíràn. Ibi tí ìpín opó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bọ́ sí nìyẹn.

Bushrod Washington, ọmọ àbúrò George, ló jogún ilé náà. Adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ni, òun náà ló sì kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kó àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti dòmìnira lọ sí Afíríkà, ẹgbẹ́ tó dá Liberia sílẹ̀. Ní 1821 ó ta ẹrú 54 sí Louisiana. Àwọn tó jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kò lówó, ilẹ̀ náà kò sì so mọ́. Ìjọba àpapọ̀ kò rà á, Virginia náà kò rà á. Ní 1853, obìnrin kan tó ń gba Potomac kọjá nínú ọkọ̀ rí bí ilé náà ti ń wó lọ, ó sì kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀, Ann Pamela Cunningham, pé bí àwọn ọkùnrin kò bá lè gbà á là, kí àwọn obìnrin gbà á là. Ara Ann Pamela kò le, kò sì jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ó kó àwọn obìnrin jọ láti ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi, wọ́n tọrọ owó, wọ́n sì ra ilé náà pẹ̀lú 200 éékà ní 200,000 dọ́là lọ́dún 1858. Ẹgbẹ́ obìnrin yẹn ló ṣì ni ín títí di òní olónìí.

Wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n tún ọgbà ṣe. Kódà ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n sapá kí ilẹ̀ òdìkejì odò má baà di ilé iṣẹ́, kí ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí ohun tí Washington rí. Ó pẹ́ kí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ ilé. Nítòsí ibojì Washington, lábẹ́ igi, ni wọ́n sin àwọn ẹrú sí láìsí orúkọ lórí ibojì kankan. Ní 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òkúta kan síbẹ̀. Ní 1983 wọ́n ṣí ibi ìrántí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Howard ya àwòrán rẹ̀. Ní 2014 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí erùpẹ̀ òkè díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí ibojì kọ̀ọ̀kan wà, láìkan òkú. Ó yẹ kí n fi kún un pé ní 1835, ọkùnrin 11 lára àwọn tí Washington dá sílẹ̀ padà wá fúnra wọn láti tún àyíká ibojì rẹ̀ ṣe, Sambo Anderson sì wà nínú wọn. Ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wà tí kò sí ní ibi ìsìnkú yẹn. Harry ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀bá odò Gambia ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1740, Washington sì rà á ní 1763. Ẹṣin ni wọ́n fi í tọ́jú ní Mount Vernon. Ó sá lọ ní 1771, wọ́n mú un padà. Nígbà tí ogun dé, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Virginia kéde pé ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó bá wá jà fún ọba yóò dòmìnira. Harry lọ. Ní oṣù kẹrin 1781, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Savage dúró sójú omi níwájú ilé náà, ènìyàn 17 sì wọ inú rẹ̀ lọ. Lund gbé oúnjẹ lọ bẹ àwọn ará ọkọ̀ náà kí wọ́n má dáná sun ilé. Washington gbọ́, ó bínú. Ó kọ̀wé pé ì bá sàn fún òun kí wọ́n sun ún ju kí ìbátan òun bá ọ̀tá dọ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ogun, Washington pàdé Guy Carleton, ọ̀gágun wọn, ní oṣù karùn-ún 1783, ó sì béèrè kí wọ́n dá àwọn ẹrú padà. Carleton ní wọ́n ti ṣèlérí, àwọn kò ní yẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ ní New York. Ìwé náà wà títí dòní, ènìyàn bíi 3,000 ló wà nínú rẹ̀. Harry Washington wà níbẹ̀, ẹni ọdún 43, tó jẹ́ ti Ọ̀gágun Washington tẹ́lẹ̀. Deborah wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ́bìnrin tó bá ọkọ̀ Savage lọ.

Nova Scotia ni ọkọ̀ kó wọn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó kún fún òkúta, wọn kò sì fún ọ̀pọ̀ wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú wọn, Harry pẹ̀lú wọn, wọ ọkọ̀ 15 sọdá Àtìláńtíìkì padà sí Afíríkà. Àwọn ló dá ìlú Freetown sílẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé abẹ́ igi àràbà ńlá kan ni wọ́n ti kó jọ dúpẹ́. Igi àràbà yẹn dúró títí di oṣù karùn-ún 2023 tí ìjì wó o. Ẹni tó bá ti tìtorí òmìnira sá kúrò níwájú Washington kì í gbà kí ẹlòmíràn tún gun òun lẹ́yìn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí ìlú náà sọ pé dandan ni kí wọ́n máa san owó orí ilẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n dìde ní 1800. Ilé iṣẹ́ náà ṣẹ́gun wọn. Wọ́n lé Harry lọ sí etíkun Bullom ní òdìkejì omi, ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí.

Ìlú tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀dó ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí lẹ́yìn 1807. Bí ogun ti ń tú ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ sí i níbẹ̀, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Aku nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó ní Òṣogùn, Àjàyí, dé ibẹ̀ ní 1822. Wọ́n bá ilé ìsìn àti ilé ìwé tí àwọn ará Nova Scotia ti dá sílẹ̀. Ní 1839, nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ti fi kó ẹrú rí, àwọn Aku bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Badagry, wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó, a sì ń pè wọ́n ní Saro. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wàásù ní Freetown ní èdè Yorùbá, àwọn Aku sì kún inú ilé ìjọsìn láti gbọ́ èdè bàbá wọn lórí pẹpẹ.